Èéfín lọ, igi kò dín: àkọsílẹ̀ ààrò gàrí kan ní ọ̀nà Ìgbẹmọ-Èkìtì

Iṣẹ́ tó wà níwájú wa ni pé ká yọ èéfín kúrò lábẹ́ àtíbàbà ìyangàrí, ká sì dín igi ìdáná kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan kan náà ni méjèèjì. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá kí ìyẹn tó yé wa.

Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀

Àtíbàbà onípáànù ni, mítà 6 ní gígùn, mítà 5 ní ìbú, góńgó òrùlé rẹ̀ ga ní mítà 2.9. Ààrò ibẹ̀ ní ògiri amọ̀ lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn, agbada wà lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Iná ń yọ ahọ́n níwájú, èéfín ń bá ojú ẹni tó jókòó ti agbada. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù lóòótọ́, àmọ́ ooru tó ń dà nù kúrò ní pọ̀.

A wọn ààrò àtijọ́ yìí ká tó fọwọ́ kan amọ̀. Ẹni tí kò bá wọn ti àtijọ́, "ó jọ pé igi dín kù" ni yóò máa sọ títí ayé. Bí a ṣe wọ̀n ọ́n nìyí: kílò 10 ẹ̀gẹ́ tí jáàkì ti fún, tí a sì ti jọ̀, a pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, kílò 2.5 ní ẹ̀ẹ̀kan. Igi mẹ̀línà láti ibi ìlagi la lò, ó ti lo oṣù méjì lábẹ́ òrùlé. A wọn igi ká tó dáná. Nígbà tí gàrí tán, a fa èyí tó kù yọ, a fi eérú pa iná ara rẹ̀, a kó ẹ̀yinná náà jọ, a yọ ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ má fi omi pa á o, omi á wọ inú ìwọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Tí a bá pín in dọ́gba, igi kílò 5.8 ló jó, gàrí kílò 6.2 la rí, ìṣẹ́jú 62 ló gbà.

Láti mọ bí igi ṣe gbẹ tó, a gé gíráàmù 200 lára rẹ̀, a gbé e sínú óófùn ní dígírì 105, a ń wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí títí kò fi fúyẹ́ mọ́. Ó dúró sí gíráàmù 164, ìyẹn ni pé ìdá 18 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ omi. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè ní ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, iná á sì kọ́kọ́ gbẹ omi ara igi ná kó tó rántí agbada.

Ìṣirò kan ṣoṣo la ṣe. Kílò 3.8 omi ló kúrò lára ẹ̀gẹ́ kílò 10 yẹn. Láti mú un hó kó sì gbẹ tán, ó gba bíi megajoule 10 (megajoule ni a fi ń ka iye agbára ooru). Kílò kan igi tó gbẹ báyìí ní bíi megajoule 15. Igi tí iṣẹ́ náà gbà gan-an kò tó kílò kan, àwa sì ń sun nǹkan bíi mẹ́fà. Ibi tí márùn-ún tó kù ń gbà lọ la ń wá.

1. Bíríkì

Bíríkì tó wúwo máa ń kọ́kọ́ mu ooru yó ná kó tó jẹ́ kí agbada rí nǹkan kan, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ èyí tó fúyẹ́. Ní Ìgbẹmọ, ìyàngbò pọ̀ bí erùpẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì. Tí a bá pò ó mọ́ amọ̀ tí a sì sun ún, ìyàngbò á jó, á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ihò yẹn ló ń dá ooru dúró. Amọ̀ wá láti Ìsàn-Èkìtì, níbi tí iṣẹ́ ìkòkò mímọ ti wà tipẹ́, tí àwọn ìyá amọ̀kòkò sì mọ èyí tó ń lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣán.

A dán àdàlù mẹ́rin wò, gbígbẹ la wọ̀n wọ́n. Amọ̀ kílò 10 láìsí ìyàngbò: bíríkì kan wọn kílò 3.2, ó ń dún bí agogo. Ìyàngbò kílò 1: bíríkì di 2.6. Kílò 2: ó di 2.1, èékánná lè ha á, àmọ́ kò fọ́ nígbà tí a jù ú sílẹ̀ láti orúnkún. Kílò 3: ó di 1.8, etí rẹ̀ ń já sí wa lọ́wọ́. Àdàlù kílò 2 la lò fún inú ààrò. Ẹnu ààrò nìkan la fi bíríkì amọ̀ lásán kọ́, torí ibẹ̀ ni igi ń gbá lójoojúmọ́.

Ẹ rẹ amọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní kókó mọ́, kí ẹ tó da ìyàngbò gbígbẹ sí i. Amọ̀ máa ń sún kì: a fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 sára bíríkì tútù kan, nígbà tó jinná ó ti di 9.2. Nítorí náà, fún bíríkì 23 × 11 × 7, àpótí tí a fi ń yọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 25 × 12 × 7.6.

Ogóje (140) la yọ. Ogójì àkọ́kọ́ la sá sóòrùn, nínú ọyẹ́, àṣìṣe gbáà. Ara rẹ̀ gbẹ kí inú tó gbẹ, méjìlélógún (22) sì là. Àwọn yòókù la tò sí abẹ́ òrùlé, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà a ṣí wọn, a ń yí wọn padà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kò sí ọ̀kankan tó là nínú wọn.

Sísun wọn náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. A sun ogún bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò, koríko gbígbẹ àti ẹ̀ka igi lórí ilẹ̀ gbalasa. Ìkòkò fẹ́lẹ́, bíríkì nípọn. Mẹ́ta bú gbàmù torí omi tó kù nínú wọn. Nígbà tí a fọ́ òmíràn wò, pupa ni níta, dúdú kirikiri láàárín: ìyàngbò di èédú, kò jó tán. Bíríkì bẹ́ẹ̀ á tún máa rú èéfín nínú ààrò fúnra rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún tó kù la fi kọ́ ìta. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún (98) yòókù la tò bí òkìtì, a fi ihò méjì sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún igi, a fi amọ̀ rẹ́ ìta rẹ̀. Iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí 6 títí ooru funfun kò fi yọ mọ́ lókè, iná gidi fún wákàtí 14, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó tó tutù. Méje là, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún (91) la rí lò.

2. Kíkọ́ ààrò

Agbada náà jẹ́ irin 3 mm, mítà 1 sí 0.6, etí rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 5 gúnlẹ̀ lórí ògiri yíká, nítorí náà ibi tí iná rí jẹ́ 90 sí 50. Ogójì sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ ni ojú iná. Àádọ́ta tó kù jẹ́ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà lábẹ́ agbada lọ sí ọ̀pá èéfín lódìkejì. Igi ń jó lórí irin 12 mm tí wẹ́dà tò pọ̀, àlàfo mìlímítà 12 láàárín irin kan sí èkejì. Láti orí irin yìí dé ìdí agbada jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28. Ihò eérú lábẹ́ rẹ̀ jìn ní 15. Ẹnu ààrò jẹ́ 20 sí 18.

Ẹ má dín 28 yẹn kù nítorí pé ẹ fẹ́ kí iná sún mọ́ agbada. Ọ̀pọ̀ igi ló ń di gáàsì kó tó jó, gáàsì yẹn sì nílò àyè àti afẹ́fẹ́ láti jó tán. Tí ahọ́n iná bá tètè kan irin tó tutù, iná á kú níbẹ̀, ìdí agbada á dúdú, èyí tí ì bá jó ni ẹ ó máa rí lókè bí èéfín.

Bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì so òkè ẹnu ààrò, nígbà tí ojú wa kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin iná, ó ti di lẹ́búlẹ́bú. Sìmẹ́ǹtì tó ti gan máa ń pàdánù omi tó so ó pọ̀ nígbà tí ooru bá kọjá dígírì 400, inú ààrò sì ń lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. A wó o, a fi amọ̀ 2, iyanrìn 1, àfọ́kù ìkòkò tí a gún kúnná 1 so ó padà. Sìmẹ́ǹtì kò ju ara búlọ́ọ̀kù ìta lọ.

A tún da wẹ́wẹ́ òkúta akọ sísàlẹ̀ ihò eérú kó lè le. Ọjọ́ kejì ó ti ń ta pàù pàù. Kúótísì, èròjà dídán kan, wà nínú òkúta akọ, tó bá dé dígírì 573 ó máa ń wú lójijì, òkúta á sì là. Òkúta irú èyí tó wà ní Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́ lè dúró de òjò àti oòrùn láti ìwáṣẹ̀, ẹ má fi í sínú ààrò. A kó o jáde, a tẹ́ bíríkì síbẹ̀.

Ààrò tuntun kò fẹ́ ìkánjú. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbẹ, lẹ́yìn náà iná kékeré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ kejì wákàtí kan, ọjọ́ kẹta wákàtí méjì.

3. Iná àkọ́kọ́: èéfín ń padà

Páìpù sẹ̀ǹtímítà 10 la fi ṣe ọ̀pá èéfín, torí òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Kò sí ìdí mìíràn. Òkè rẹ̀ kò sì ga ju góńgó òrùlé lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta èéfín ló ń gba ẹnu ààrò padà, nígbà tí atẹ́gùn bá sì fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ òkè, gbogbo rẹ̀ ló ń padà.

A pààrọ̀ rẹ̀ sí páànù tí wọ́n yí, fífẹ̀ 15 cm. Yàtọ̀ tó wà láàárín 10 àti 15 ju bí ojú ṣe rò lọ: ẹnu ti àkọ́kọ́ jẹ́ 79 cm², ti èkejì 177. A gbé e ga sí mítà 3.6, ó fi sẹ̀ǹtímítà 70 kọjá góńgó òrùlé. Fìlà òjò orí rẹ̀ kọ́kọ́ wà ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí ẹnu ọ̀pá, ó ń fún un lọ́rùn. A gbé e sí 10. Níbi tó ti gba òrùlé kọjá, a gé páànù fẹ̀, ọ̀pá náà sì jìnnà sí igi àjà ní sẹ̀ǹtímítà 15 yíká.

Síbẹ̀ èéfín díẹ̀ ń yọ. Agbára tó ń fa èéfín sókè nínú ọ̀pá mítà 3.6 kò ju bíi pascal 14 lọ (pascal ni a fi ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti nǹkan tó). Tí ẹ bá fi omi wọ̀n ọ́n, gíga rẹ̀ kò tó mìlímítà 2. Ihò kékeré kan lè pa á. A tan òwú kan, a fẹ́ iná orí rẹ̀ pa, a gbé èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ yí etí agbada. Níbi tí èéfín náà bá ti ṣẹ́rí wọlé lójijì, ihò wà níbẹ̀. A rí mọ́kànlá.

Èyí tó burú jù nínú wọn, ọwọ́ ara wa la fi ṣe é. A ti fi amọ̀ líle so etí agbada mọ́ ògiri pinpin. Irin gígùn mítà kan tí ooru rẹ̀ fi dígírì 250 lé sí i máa ń gùn sí i ní mìlímítà 3. Ó ti ti bíríkì ẹ̀yìn títí ó fi là. A tú u, a fi àlàfo mìlímítà 6 sílẹ̀ yíká, a fi eérú tí a pò mọ́ amọ̀ díẹ̀ dí i. Tó bá fọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

4. Èéfín lọ, igi pọ̀ sí i

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, abẹ́ àtíbàbà mọ́ kedere. Gbogbo èèyàn ń yọ̀. A gbé ìwọ̀n jáde: igi kílò 6.7 fún kílò 10 ẹ̀gẹ́. Ààrò àtijọ́ sàn jù ú lọ! Ó yá díẹ̀, ìṣẹ́jú 51, àmọ́ igi ló ń jẹ.

A ki thermocouple, wáyà tí a fi ń wọn ooru, bọ ìdí ọ̀pá èéfín: dígírì 390. Ìbéèrè wa ti rí ìdáhùn. Ọ̀pá tó ń fà dáadáa ń fa ooru lọ pẹ̀lú èéfín, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé ju èyí tí igi nílò lọ, a sì ń fi igi mú afẹ́fẹ́ yẹn gbóná lásán. Àlàfo abẹ́ agbada, lẹ́yìn ojú iná, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11. Ìlọ́po 50 tó jẹ́ ìbú rẹ̀ jẹ́ 550 cm², ìlọ́po mẹ́ta ẹnu ọ̀pá èéfín. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kàn ń gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ọjà kọjá láìra nǹkan.

A fi bíríkì gbé ilẹ̀ ibẹ̀ sókè, a sì fi ìdagẹ̀rẹ̀ kékeré sí ibi tí ojú iná parí. A kọ́kọ́ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2.5 sílẹ̀: 125 cm², ó kéré ju ẹnu ọ̀pá lọ, èéfín sì padà sẹ́nu ààrò. A sọ ọ́ di 4, ìyẹn 200 cm². Igi wá sí kílò 4.6, ooru ìdí ọ̀pá sí 290. Bíríkì tí a lò títí débí jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84).

Lẹ́yìn èyí la fi irin ìsé sínú ọ̀pá: irin pẹlẹbẹ kan tí ń wọlé tó ń jáde nínú ojú tí a là sára ọ̀pá, ní gíga èjìká. Tí iná bá ti mú, ẹ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ títí èéfín yóò fi fẹ́ yọ lẹ́nu ààrò, kí ẹ wá fà á padà bí ìka méjì. Ibẹ̀ ló ń dúró. Igi kílò 3.4, ìṣẹ́jú 54, dígírì 215. Ẹ gé igun irin náà kúrò kó má lè sé ọ̀pá tán láé. Ẹ̀yinná tó kù ní alẹ́ ń tú kábọ́ọ̀nù mónọ́ọ́sáìdì jáde, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

5. Gàrí tó ń jóná lápá kan

Orí ojú iná gbóná jù. Gàrí ibẹ̀ ń pọ́n nígbà tí ti òdìkejì ṣì tutù. A ti ń sọ̀rọ̀ nípa irin tó nípọn jù, tí ìyẹn á sì gba owó, kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń yan gàrí níbẹ̀ tó na àtẹ́lẹwọ́ sórí agbada láti òpin kan dé èkejì, tó sì ní: "Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Ibi gbígbóná la ó ti sè é, ibi tó rọ̀ la ó ti gbẹ ẹ́." Ó fi àfọ́kù igbá gbá ìpín kílò 2.5 sórí ojú iná, ó rò ó títí ó fi sè tó sì dà wónrínwónrín, ó wá tì í sí ọ̀dọ̀ ọ̀pá èéfín, ó sì da òmíràn síbi tó ṣófo. Bí gàrí ṣe fẹ́ iná gan-an nìyẹn, líle ní ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́ ní ìparí. A kò fọwọ́ kan irin. Ìlànà yẹn la fi wọn kílò 3.4 òkè yìí.

Ọ̀pá èéfín kì í kó ooru tó ń rú lórí agbada. Májèlé ara ẹ̀gẹ́ wà nínú ooru yẹn, nítorí náà ẹ má tìtorí pé èéfín igi ti lọ fi páànù dí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà.

6. Owó

Gbígbé amọ̀ ₦18,000, àpò àti gbígbé ìyàngbò ₦4,000, igi tí a fi sun bíríkì ₦15,000, irin 12 mm ₦13,500, agbada pẹ̀lú iṣẹ́ wẹ́dà ₦62,000, ọ̀pá èéfín 15 cm pẹ̀lú fìlà àti irin ìsé ₦38,000, páìpù 10 cm tí a sọ nù ₦17,000, búlọ́ọ̀kù 40, ₦18,000, sìmẹ́ǹtì àpò méjì ₦20,000, iyanrìn ₦8,000, bíríkìlà ọjọ́ mẹ́ta ₦30,000. Àpapọ̀ ₦243,500. Ẹni tó bá ra páànù 15 cm lẹ́ẹ̀kan náà á yọ ₦17,000 kúrò níbẹ̀.

7. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Ilẹ̀kùn kékeré tí a ń gbà kó eérú, tó wà ní ìdí ọ̀pá èéfín, la ń ṣí ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lo igi tútù, ọ̀dà dúdú ló lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá ha á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bíríkì ìyàngbò kò tíì ní ìṣòro, àyàfi méjì nítòsí ẹnu ààrò tí etí wọn já.

Irin tí igi ń jó lé ni kò dáa. Méjì láàárín ti tẹ̀ wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.5, ara wọn sì ń hó jábọ́ bí èèpo. Eérú ló fà á: wọ́n jẹ́ kó kún títí ó fi kan ìdí irin, afẹ́fẹ́ tútù tó yẹ kó máa gba abẹ́ rẹ̀ kò rí ọ̀nà. A ti fa ìlà funfun sínú ihò eérú ní sẹ̀ǹtímítà 8; tí eérú bá dé ìlà, kíkó ló kù. Irin 16 mm la ó fi pààrọ̀ méjì tó tẹ̀ náà, àwọn 12 mm yòókù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká lè mọ èyí tó máa pẹ́ jù.